Ṣé kí ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé òfin ìbọn ti ọdún 1934? Ìdáhùn fún ọdẹ kan ní Houston

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé, green card ni mo ní. Ọmọ ọdẹ ni mí láti Òkè-Ògùn. Bàbá bàbá mi kò fi ṣakabùlà rẹ̀ sílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi máa ń mú mi lọ pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó, wọ́n ní kí n ra sàlẹ́ńsà, ohun tó ń dín ìró ìbọn kù, sórí ráífù mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó orí 200 dọ́là tí òfin 1934 fi lé e lórí kúrò ni iyàn ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Ẹnìkan ní òfin náà ti kú, kí n kàn lọ rà á. Èkejì ní ó kù kí wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀, títí kan ti ìbọn arọ̀jò-ọta. Ìyàwó mi ní wèrè ni wọ́n ń bá mi sọ. Kí ni ẹ̀yin rí sí i? Àbúrò mi tó wá kàwé níbí náà fẹ́ máa bá wa lọ.

Ìdáhùn: Ẹ ṣé, àbúrò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹni tó ní òfin ti kú, torí òun ló lè sọ yín sẹ́wọ̀n. Òfin náà kò kú rárá. National Firearms Act ti ọdún 1934 là ń sọ, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NFA. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí òfin ìnáwó ńlá kan, òfin yẹn ló sọ owó orí sàlẹ́ńsà, ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú àti ṣọ́tìgọ́ọ̀nù tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú di òdo láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Owó yẹn nìkan ló lọ. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ ṣì wà, ìtẹ̀ka wà, fọ́tò wà, àyẹ̀wò wà, ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, náà sì wà. Ẹni tí wọ́n bá ká sàlẹ́ńsà mọ́ lọ́wọ́, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wọn, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10 ló wà níwájú rẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ owó nìkan ni wọ́n rí yọ kò le. Ilé aṣojú ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí sàlẹ́ńsà kúrò nínú NFA pátápátá. Ṣùgbọ́n irú òfin ìnáwó bẹ́ẹ̀, tí ìbò tó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ lè gbé kọjá ní Sẹ́nétì, ọ̀rọ̀ owó nìkan ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Elizabeth MacDonough, tó ń ṣọ́ ìlànà ilé náà, sọ pé ìforúkọsílẹ̀ ìbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ni wọ́n bá gé apá yẹn dànù, tí òdo sì ṣẹ́kù.

Texas náà tún wá dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Ní 2021, ìpínlẹ̀ yín ṣe òfin pé sàlẹ́ńsà tí wọ́n bá rọ ní Texas, tí kò sì kúrò ní Texas, kò kan ìjọba àpapọ̀. Ní 2025, wọ́n tún yọ ìbọn kúkúrú kúrò nínú ohun tí òfin ìpínlẹ̀ kà léèwọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lẹ́nu ọlọ́jà á rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ bi àwọn ará Kansas wò. Irú òfin kan náà ni wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2013. Ọkùnrin kan gbà á gbọ́, ó ń ta sàlẹ́ńsà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èkejì rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ dá àwọn méjèèjì lẹ́bi, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ wọn. Òfin ìpínlẹ̀ kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ òfin àpapọ̀. Wọn kò rán àwọn yẹn lẹ́wọ̀n, abẹ́ ìṣọ́ nìkan ni wọ́n fi wọ́n sí, ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ní green card, bí wọ́n bá dá yín lẹ́bi ẹyọ ẹ̀sùn ìbọn kan ṣoṣo, òfin ìwọ̀lú ti sọ yín di ẹni tí wọ́n lè lé padà sílé, bí ẹ ti wù kí ẹ pẹ́ tó níbí. Èyí ni àwọn ará ibi iṣẹ́ yín kì í rántí, nítorí kò kàn wọ́n.

Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìyẹn. Ìbéèrè gan-an ló kù: ṣé ó yẹ kí òfin náà lọ?

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín bẹ́ẹ̀, ẹ bi í padà pé èwo nínú rẹ̀. Àpò kan ni NFA, ohun tó wà nínú àpò náà kò sì bára tan. Ìbọn arọ̀jò-ọta wà níbẹ̀, sàlẹ́ńsà wà níbẹ̀, ráífù kúkúrú wà níbẹ̀, bọ́ǹbù àti gírínéèdì náà wà níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ fagi lé gbogbo rẹ̀ máa ń fi sàlẹ́ńsà gbèjà ìbọn arọ̀jò-ọta; àwọn tó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dúró máa ń fi ìbọn arọ̀jò-ọta dẹ́rù bà wá lórí sàlẹ́ńsà. Mo ti jókòó sí àríyànjiyàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tó ti ń dàrú nìyẹn nígbà gbogbo.

Bí wọ́n ṣe kó wọn pọ̀ gan-an la gbọ́dọ̀ mọ̀. Láyé ìgbà tí Amẹ́ríkà fòfin de ọtí, àwọn jàǹdùkú tó ń tà á ní bòókẹ́lẹ́ ń fi ìbọn arọ̀jò-ọta Thompson pa ara wọn ní Chicago. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1929, wọ́n to ènìyàn 7 sí ẹ̀gbẹ́ ògiri gáréèjì kan, wọ́n sì yìnbọn pa gbogbo wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 1933, ẹnìkan yìnbọn sí Roosevelt, tí wọ́n ti dìbò yàn ní Ààrẹ, ní Miami nígbà tí kò tíì gorí àlééfà. Kò bà á. Anton Cermak, olórí ìlú Chicago, ló bà, ó sì kú ní oṣù tó tẹ̀lé e. Ìyẹn ló mú kí Homer Cummings, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, gbé òfin kan lọ bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá fòfin de ìbọn tààrà, kóòtù lè dá òfin náà nù, ló bá gba ọ̀nà owó orí: 200 dọ́là lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n ń ta Thompson fúnra rẹ̀ nígbà náà, tí yóò sì ju 4,000 dọ́là lọ lónìí. Owó orí lórúkọ, èèwọ̀ ni nínú.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání jù nìyí: ìbọn ìléwọ́ wà nínú ìwé òfin tí Cummings kọ́kọ́ gbé wá. Irú ìbọn tí wọ́n yìn sí Roosevelt nìyẹn, òun sì ni wọ́n fi ń pa ènìyàn jù nígbà náà àti nísinsìnyí. Wọ́n rò ó pé bí ìbọn ìléwọ́ bá di ọ̀wọ́n, àwọn ènìyàn á máa gé ọ̀pá ráífù kúrú kí wọ́n lè fi í pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù. Torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó ráífù kúkúrú mọ́ ọn, kí ihò má baà sí lára ọgbà. Ìgbà tó yá, NRA, ẹgbẹ́ àwọn onìbọn, àti àwọn mìíràn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì yọ ìbọn ìléwọ́ kúrò. Bí wọ́n ti yọ ọgbà kúrò tán, wọ́n fi ohun tí wọ́n fi dí ihò rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Ó ti lé ní 90 ọdún tó ti wà bẹ́ẹ̀. Lónìí, ẹ lè wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Houston kí ẹ ra ìbọn ìléwọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ kò ju íǹṣì 4 lọ, kí ẹ sì mú un lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kò pé íǹṣì 16, bí kò bá sí lórúkọ yín lọ́dọ̀ ATF, ẹ̀wọ̀n ni. Ìyàtọ̀ ìdajì íǹṣì lè ba ayé ènìyàn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ti rí ọ̀nà gbà á kọjá tipẹ́: wọ́n ń ta ìbọn tó jọ ráífù AR-15 gẹ́gẹ́ bí ìbọn ìléwọ́, wọ́n fi ohun kan sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ní ó wà fún dídì mọ́ apá, tí gbogbo ayé sì ń gbé lé èjìká. ATF gbìyànjú láti fòfin mú wọn ní oṣù Kìíní ọdún 2023, kóòtù kan ní Texas sì dá òfin náà nù ní 2024. Mílíọ̀nù mélòó kan irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ló wà níta láìsí ìforúkọsílẹ̀ NFA kankan. Àwọn apànìyàn ti lò ó, n kò ní fi bò: ní Dayton ní 2019, ní Boulder ní 2021. Ṣùgbọ́n ráífù tó gùn jù ú lọ ti ṣe irú iṣẹ́ búburú bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, ìbọn ìléwọ́ tó kéré jù ú lọ náà ti ṣe é. Gígùn ọ̀pá kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti ráífù kúkúrú kò ṣòro fún mi: kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ti sàlẹ́ńsà ló gba ìrònú, òun náà sì ni ẹ fẹ́ rà, torí náà ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Hiram Percy Maxim ló ṣe é, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1909. Orúkọ Maxim yẹn kò ṣàjèjì sí wa: bàbá rẹ̀ ló ṣe ìbọn Maxim tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Imágbọ̀n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Bàbá ṣe èyí tó ń ké, ọmọ ṣe èyí tó ń mú un dákẹ́. Iṣẹ́ tí sàlẹ́ńsà ń ṣe nídìí ọkọ̀ ni ti ìbọn náà ń ṣe: ó gba afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń tú jáde, ó yí i ká inú ihò kékeré kékeré, kó tó jẹ́ kó jáde. Dídákẹ́ tí ẹ ń rí nínú fíìmù, irọ́ ni. Ìró ìbọn máa ń wà láàárín dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 140 sí 170; sàlẹ́ńsà máa ń yọ nǹkan bíi 20 sí 35 kúrò. Ráífù tí ẹ fi ń pa ẹlẹ́dẹ̀ yóò ṣì ké tó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ títì. Ṣùgbọ́n 140 ni ìwọ̀n tí etí fi ń bàjẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ìró bá sì ti lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọdẹ á lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́yìn ikú àwọn ọmọdé ní Dunblane ní 1996, àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín ń lò ó, ẹnikẹ́ni kò sì kà á sí ohun apànìyàn.

Kí wá ni àwọn tó fẹ́ kí òfin dúró ń wí? Ẹ má fi ojú tínrín wò wọ́n. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Virginia Beach yìnbọn pa ènìyàn 12, sàlẹ́ńsà wà lórí ọ̀kan nínú ìbọn rẹ̀, ó sì rà á ní ọ̀nà tó bófin mu. Àwọn kan nínú àwọn tó yè sọ pé ohun tí àwọn gbọ́ kò kọ́kọ́ dún bí ìbọn létí àwọn. Nígbà tí ènìyàn bá ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti sá, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Àwọn ọlọ́pàá ìlú ńlá náà ń lo ẹ̀rọ tó ń fetí sí ìró ìbọn kí wọ́n lè mọ ibi tó ti dún.

Lódìkejì, ní oṣù Kìíní ọdún 2017, Ronald Turk, tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní ATF fúnra rẹ̀, kọ ìwé kan pé ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí wọ́n tó lo sàlẹ́ńsà fún ìwà ọ̀daràn. Sàlẹ́ńsà tó wà nínú ìwé ATF ti ju mílíọ̀nù 4 lọ báyìí, ìpínlẹ̀ 42 ló sì gbà á láyè.

Ibi tí iyàn ti máa ń dúró nìyí, tí ẹnìkínní kò ní gbọ́ ti ẹnìkejì. Ẹnìkan á ní: wọn kì í fi hu ìwà ọ̀daràn, nítorí náà òfin kò wúlò. Ẹnìkejì á ní: wọn kì í fi hu ìwà ọ̀daràn nítorí pé òfin ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí kan náà, ìtumọ̀ méjì. Báwo la ṣe lè mọ ẹni tó jàre? Mo máa ń wo ohun tí kò ṣòro fún ọ̀daràn láti ṣe. Sàlẹ́ńsà kò ṣòro rọ. Àwọn kan ń fi àlẹ̀mọ́ epo ọkọ̀ ṣe é, àwọn kan ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníke ṣe é. Irú èyí ni àwọn ọlọ́pàá sọ pé wọ́n bá lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mú lórí ikú ọ̀gá ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní New York ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ fún ibi lè rí i láìdé ọ̀dọ̀ ATF rárá. Síbẹ̀, lójú pópó, ọ̀daràn kì í wá a, torí ó ń mú ìbọn gùn, ó sì ń mú un ṣòro pamọ́. Èyí ló mú mi gbà pé ìforúkọsílẹ̀ kọ́ ló ń dá wọn dúró.

Bí a bá wá yọ ọ́ kúrò nínú NFA lọ́la, kò túmọ̀ sí pé wọ́n á máa tà á bí ẹ̀pà. Òfin ìbọn mìíràn, ti 1968, ka sàlẹ́ńsà fúnra rẹ̀ sí ìbọn. Ọlọ́jà á ṣì ní láti fún yín ní fọ́ọ̀mù, á sì béèrè lọ́wọ́ FBI bóyá òfin gbà kí ẹ rà á. Ibi tó ti jò ni ọwọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan: ní Texas, bí ará Texas kan bá ta ìbọn rẹ̀ fún ará Texas mìíràn, tí kì í ṣe òwò rẹ̀, kò sí àyẹ̀wò kankan. Lábẹ́ NFA, àyẹ̀wò wà ní gbogbo ìgbà tí nǹkan náà bá pààrọ̀ ọwọ́. Ohun kan ṣoṣo tí màá ṣàárò lára òfin àtijọ́ nìyẹn. Bí ó bá ṣe èmi ni wọ́n ní kí n kọ òfin tuntun, màá yọ ìforúkọsílẹ̀ àti ìtẹ̀ka, màá fi àyẹ̀wò yẹn sílẹ̀, kódà láàárín ọ̀rẹ́ méjì. Àwọn ará ibi iṣẹ́ yín á bínú sí mi. Àwọn alátakò wọn náà á bínú.

Ó ku ìbọn arọ̀jò-ọta, níbi tí èmi àti ẹnìkejì nínú àwọn ará ibi iṣẹ́ yín ti pínyà pátápátá.

Àkọ́kọ́, ó dájú pé kò mọ̀ pé bí wọ́n bá fagi lé NFA láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lónìí, kò ní rí ìbọn arọ̀jò-ọta tuntun rà. Èèwọ̀ yẹn kò sí nínú NFA. Inú òfin ọ̀daràn ló wà, àtúnṣe tí William Hughes, aṣòfin láti New Jersey, fi kún òfin kan ní 1986 ló sì gbé e débẹ̀: kò sí ará ìlú tó gbọ́dọ̀ ní èyí tí wọn kò tíì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ títí di ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn. Nǹkan bíi 175,000 irú èyí tó lè pààrọ̀ ọwọ́ láàárín ará ìlú ló wà ní gbogbo Amẹ́ríkà, kò sì lè pọ̀ sí i. Owó ọ̀kan lè ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Òótọ́ ni pé àwọn tó ní i kì í fi pa ènìyàn. Ta ló máa ra ohun tó tó 20,000 tàbí 30,000 dọ́là kó wá fi jalè?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta. Nǹkan kékeré kan wà tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ, tí wọ́n ń pè ní switch. Wọ́n á kàn án mọ́ ẹ̀yìn ìbọn ìléwọ́ Glock, ìbọn náà á sì di arọ̀jò-ọta: bí ènìyàn bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta 17 lè tán nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ gan-an kò lè darí rẹ̀. Láàárín 2012 sí 2016, ATF gba 814 irú àwọn ẹ̀yà tí ń sọ ìbọn di arọ̀jò-ọta. Láàárín 2017 sí 2021, wọ́n gba 5,454. Ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n yìnbọn sí àwọn tó tò síwájú ilé fàájì kan; ènìyàn 4 kú, ọ̀pọ̀ fara gbọgbẹ́, àwọn ọlọ́pàá sì ká ọta tó lé ní 100 nílẹ̀. Wọ́n ní irú switch yẹn ni wọ́n lò. Lónìí, ọlọ́pàá tó bá rí i lọ́wọ́ ọmọ ọdún 19 mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, kò sí ìdí fún àlàyé. Bí wọ́n bá gba arọ̀jò-ọta tuntun láyè, ilé iṣẹ́ á máa ṣe ẹ̀yà yìí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, iye rẹ̀ á já, ìdánilójú yẹn á sì parẹ́.

Las Vegas náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ọkùnrin kan láti fèrèsé hòtẹ́ẹ̀lì pa ènìyàn 60 níbi orin, pẹ̀lú ráífù tó so mọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní bump stock, tó ń mú ráífù lásán yára bí arọ̀jò-ọta. ATF fòfin dè é lábẹ́ Trump fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, adájọ́ 6 nínú 9 ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ATF kọjá àyè rẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ inú òfin 1934 kò dé ibẹ̀, pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló lè yí i padà. Mo rò pé ìdájọ́ náà tọ̀nà gẹ́gẹ́ bí òfin ti rí, ohun tó sì yẹ kí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe hàn gbangba. Títí di àkókò tí mò ń kọ èyí, wọn kò ṣe é.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kì í kàn béèrè lọ́wọ́ ará ìlú ìdí tó fi nílò ohun tó fẹ́ rà, bí a ti ń ṣe nílé. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn ológun sí èèwọ̀, àní ṣakabùlà bàbá àgbà yín pàápàá, ìwé àṣẹ ló yẹ kó ní. Oore ìjọba ni níbẹ̀. Níbí, ẹ̀tọ́ ni, ó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ wí ìdí tó fi ń dí i lọ́wọ́. Láti ìdájọ́ Bruen tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ṣe ní 2022, ó tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìtàn ilẹ̀ yìí. Ìdájọ́ Heller tí ilé ẹjọ́ kan náà ṣe ní 2008 ti jẹ́ kó yé wa pé ẹ̀tọ́ náà kò dé orí ìbọn ológun bíi M-16. Ti sàlẹ́ńsà ni kò tíì yanjú: ní 2025, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ń ṣàkóso Texas gbà fún àríyànjiyàn pé ó lè jẹ́ ara ẹ̀tọ́ náà, síbẹ̀ ó ní ìforúkọsílẹ̀ NFA kò ba ẹ̀tọ́ jẹ́.

Bí ó bá ti ọwọ́ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì wá, n kò retí púpọ̀, torí ìbò 60 ni wọ́n nílò ní Sẹ́nétì, wọn kò sì ní i. Kóòtù ni kí ẹ máa wò. Ní 1937, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fọwọ́ sí NFA torí pé agbára gbígba owó orí ni ìjọba fi gbé e kalẹ̀. Àwọn tó pe ẹjọ́ ní Texas àti Missouri ń béèrè lónìí pé: nígbà tí owó orí ti di òdo, kí ló gbé ìforúkọsílẹ̀ dúró? Ìbéèrè tó mú ni. Èmi kì í ta tẹ́tẹ́ lórí adájọ́, ṣùgbọ́n bí sàlẹ́ńsà bá kúrò nínú NFA, ọ̀nà yẹn ni mo rò pé yóò gbà.

Ní báyìí, ẹ rà á bí ẹ bá fẹ́, lọ́dọ̀ ọlọ́jà tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì dúró kí ATF fọwọ́ sí i kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má yá ti ọ̀rẹ́ yín lọ sílé. Ẹ lè lò ó níbi ọdẹ bí òun fúnra rẹ̀ bá wà níbẹ̀, bí ó bá ti lọ, ó ti di ohun tó wà lọ́wọ́ yín láìsí orúkọ yín. Bí ẹ bá ń lọ kí àwọn ará yín ní New Jersey tàbí Illinois, ẹ fi sílé, torí àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyẹn kà á léèwọ̀, bíi California àti New York.

Ti àbúrò yín ló ń kọ mí lóminú jù. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ mú ìbọn lọ́wọ́ rárá níbí, ì báà ṣe ti ẹlòmíràn, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15. Ọ̀nà kan tó là fún un ni ìwé àṣẹ ọdẹ tí ìpínlẹ̀ bá fún un, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Kó gbà á kó tó bá yín jáde, kó sì máa mú un dání. Kó má ra ìbọn tirẹ̀ o, kó kọ́kọ́ lọ rí agbẹjọ́rò.

Ìyàwó yín náà ń kọ́? Bí ẹ bá fi sàlẹ́ńsà sórúkọ yín nìkan, tí ẹ wá rìnrìn àjò lọ sílé ní oṣù Kejìlá, tí kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lè sọ pé òun ló ní ohun tí kò lórúkọ rẹ̀. Ẹ ní kí agbẹjọ́rò bá yín dá trust sílẹ̀, ìwé òfin tó ń jẹ́ kí ju ẹnìkan lọ jọ ní ohun kan, kí ẹ tó rà á, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀. Òun náà á ní láti tẹ̀ka, á sì fi fọ́tò ránṣẹ́, torí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.